Ohun Tí Kò Sí Nínú Iṣẹ́ Òrùlé Yìí

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa iṣẹ́ kan tó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Kíkọ iṣẹ́ òrùlé sílẹ̀ ni. Kì í ṣe kíkan òrùlé o. Mi ò kan ìṣó kan rí láyé mi tí kò wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn káfíńtà Bódìjà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé àkàbà ti ògiri, èmi á ti wọ inú ilé náà, máa ti wo òrùlé láti inú àti láti òkè, máa sì ti kọ ọ́ sórí ìwé: ohun tí a máa ká kúrò, ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀, irú igi tí a máa lò, ọ̀nà tí omi òjò máa gbà, ẹni tó máa kó pàǹtí, àti ohun tí a kò ní fọwọ́ kàn rárá. Àwọn ẹnjiníà ń pè é ní sikóòpù. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ni àwa ń pè é. Láti Agbowó títí dé Challenge, Akọ̀wé Òrùlé ni wọ́n ń pè mí, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ mi.

Iléṣà ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ ọba ló gbé wọn dé Ìbàdàn, Agbowó ni wọ́n sì bí mi sí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, aṣọ rírán ni mo fẹ́ kọ́. Bàbá mi ní kí n mú sùúrù, pé ọ̀rẹ́ àwọn kan ń wá ẹni tó lè kọ̀wé tó ṣeé kà. Ọ̀rẹ́ náà ni Ọ̀gá Gàníyù, káfíńtà òrùlé tó ní àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó Bódìjà. Ọ̀gá kò kàwé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ fún èèyàn. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń san fún mi kò tó nǹkan tí à ń jókòó sọ. Mo wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú bíró tuntun, mo sì rò pé orí àga ni máa wà.

Igi ni Ọ̀gá ní kí n máa rù. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ igi yóò kàn máa kọ ohun tí òun gbọ́ ni, àwọn kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí n di ojú mi, wọ́n á wá fi igi méjì sí mi lọ́wọ́ pé kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n sọ èyí tó jẹ́ àfàrà àti èyí tó jẹ́ arère. Tí mo bá ṣì í, wọn kì í bú mi. Wọ́n kàn máa ní kí n gbé igi méjèèjì dé ìparí ọjà, kí n sì gbé e padà. Àwọn alágbàrù á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé akọ̀wé ti di ọmọ iṣẹ́ àwọn. Mo sunkún fún ìyá mi pé mi ò lọ mọ́. Ìyá mi ní kí n fọ ojú, kí n jẹun, kí n sì lọ sùn, nítorí ilẹ̀ máa tètè mọ́.

Òfin àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fi lélẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun òkè ilé kí ó tó wo inú rẹ̀. A máa wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, a máa kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, èmi á sì béèrè pé, tí òjò bá ń rọ̀, ibo ni ẹ máa ń gbé abọ́ sí? Ibo ni ẹ máa ń ti ibùsùn sí? Ojú máa ń ti àwọn kan láti dáhùn. Ọ̀gá á wá jókòó tì wọ́n, wọ́n á sọ pé ilé tí wọ́n bí àwọn sí náà jò, títí ara onítọ̀hún á fi balẹ̀. Iwájú ni páànù lè ti ya, kí omi náà tọ ara igi lọ títí, kí ó tó kán sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń sun ibẹ̀ ló lè júwe rẹ̀ fún wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè.

Òfin kejì jẹ mọ́ irú ọ̀rọ̀ tí a ń kọ. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé a máa kan páànù náà dáadáa. Mo kà á fún Ọ̀gá, wọ́n sì wò mí bíi pé mo jí nǹkan wọn.

"Dáadáa ta ni?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé dáadáa tèmi ni, àbí ti onílé, àbí ti ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ tètè lọ sílé?"

Láti ọjọ́ náà ni "dáadáa" ti kúrò nínú ìwé mi. Mo máa ń kọ irú ìṣó tí a máa lò, bí ọ̀kan ṣe máa jìnnà sí èkejì, àti bí páànù kan ṣe máa gorí èkejì tó. Ọ̀rọ̀ náà gan-an tí í ṣe "òrùlé," Ọ̀gá kò fẹ́ kí n dá a kọ lásán. Ẹnìkan á pe òrùlé, páànù nìkan ló ní lọ́kàn. Ẹlòmíì á ní páànù àti igi abẹ́ rẹ̀ lọ́kàn. Ẹnìkẹta á fi àjà kún un, inú á sì máa bí i lẹ́yìn iṣẹ́ pé a kò pa àjà òun dà. Gbogbo wọn ló ń sọ Yorùbá tó já gaara.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló kó wa sí wàhálà tó burú jù nínú ayé iṣẹ́ mi. Onílé kan ní Agbowó, tó ń fi ilé rẹ̀ gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pe Ọ̀gá pé kí wọ́n bá òun pa òrùlé dà. Mo ti lọ sí Iléṣà, ìyá bàbá mi ló ṣàìsàn. Ọ̀gá gun òkè, wọ́n rí i pé ikán ti jẹ igi apá kan tán, wọ́n sì sọ fún onílé náà lẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ń lọ. Onílé ní kí wọ́n fi igi náà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ páànù nìkan. Ọ̀gá gbà. Àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà gbé páànù tuntun yẹn tòun ti igi, ó sì dà á sórí ilé kejì. Ọlọ́run yọ wá, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń sá àsálà ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Nígbà tí a débẹ̀, àdúgbò ti pé, onílé sì dúró láàárín wọn, ó ń sọ pé Gàníyù kò sọ nǹkan kan fún òun nípa igi. Mo retí kí Ọ̀gá bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú ègé igi kan nílẹ̀, ó sì fọ́ sí wọn lọ́wọ́ bí ẹ̀bà gbígbẹ. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín, ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíì tó gbọ́. Àwọn ọmọ tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó gbọ́."

Títí apá ọmọ náà fi jinná ni Ọ̀gá ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń gbé ọsàn lọ fún un. Mo bá wọn lọ nígbà púpọ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gidigidi láti ìgbà yẹn, mo sì ń sọ ọ́ tààrà báyìí nítorí mi ò sọ ọ́ fún wọn nígbà tí wọ́n wà láyé.

Lẹ́yìn ìjì náà ni Ọ̀gá fi nǹkan méjì kún iṣẹ́ wa. Èkínní, àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní abala tó kẹ́yìn, tí a pe àkọlé rẹ̀ ní "Ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí." Èkejì, a máa ka gbogbo rẹ̀ sókè nínú ilé náà, ní etí gbogbo ẹni tó ń sùn sábẹ́ òrùlé náà, yálà òun ló ń sanwó tàbí òun kọ́.

Àwọn oníbàárà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ẹ mọ bí àwa èèyàn wa ṣe rí. A kì í fẹ́ gbọ́ "kò sí" nígbà tí a bá ń bẹ̀rẹ̀ ohun ire. Bí mo bá ti dé ìdí abala yẹn, àwọn kan á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn á da ọwọ́ bo etí. Ìyàwó dókítà kan ní Ring Road bi mí bóyá a ti ń sá fún iṣẹ́ ni, tí a fi ń ka ohun tí a kò ní ṣe nígbà tí a kò tíì ṣe ohun tí a fẹ́ ṣe. Ọ̀gá ní tí àkọlé náà bá bà wọ́n lẹ́rù, a jẹ́ pé wọ́n ń fetí sílẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe ń kà á nìyẹn títí Ọ̀gá fi fẹ̀yìn tì, títí wọ́n fi kú, tí mo sì di ẹni tí àwọn káfíńtà mìíràn ń wá láti bá wọn kọ iṣẹ́.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Okùn tí a ta kókó sí ni a fi ń wọn ilé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Tépù dé, lẹ́yìn náà ni èyí tó ń tan iná pupa sára ògiri tó sì ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Òòlù ni a fi ń kan ìṣó olórí rọ́bà. Ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ fi ń yí i wọlé báyìí, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ẹni tó ń pè é nísàlẹ̀. Páànù ìgbà wa kì í ní àwọ̀. Páànù ìsinsìnyí pupa, ó dúdú, ó rí bíi ti ilé tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fò sókè ilé kí ó ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á sì wọ mọ́tò lọ láì wọlé kí ẹnikẹ́ni. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn máa ń béèrè bóyá ẹ̀rọ náà rí ibi tí màmá ilé ń gbé abọ́ sí. Fóònù náà ní tirẹ̀. Ọkùnrin kan láti Moniya fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láìfi àmì sórí rẹ̀ pé "ile mi n jo." Mo fèsì pé ṣé kí n gbé páànù wá ni àbí kí n gbé omi wá. Inú kọ́kọ́ bí i, kí ó tó rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀ ni ti ilé kan ní Baṣọ̀run, ilé ìdílé Mùsùlùmí kan tó ti pẹ́ ní Ìbàdàn. Bàbá tó kọ́ ilé náà ti kú, ìyàwó àgbà náà ti kú. Ìyàwó kékeré ló kù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Rísìkátù. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń gbé. Rísìkátù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Alhaji Mùkáílà, àkọ́bí ìyàwó àgbà, ló pè mí. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní "ó" níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ẹ" ni mo ń lò fún un lójú rẹ̀.

Mo wọ yàrá Ìyá Rísìkátù, mo sì béèrè ìbéèrè mi. Wọ́n fi ibi tí abọ́ ń wà hàn mí, wọ́n sì fi ibi tí ibùsùn ń sá sí hàn mí. Àga tí ọkọ wọn máa ń jókòó lé wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá ńlá kan bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa kí omi má bàa kán sí i. Ibùsùn tiwọn kò ní ọ̀rá. Mo ní kí ni kò jẹ́ kí wọ́n ra òmíràn. Wọ́n ní àwọn lè dìde tí òjò bá dé, àga kò lè dìde.

Nígbà tí mo jáde, Alhaji Mùkáílà mú mi lọ sẹ́bàá mọ́tò rẹ̀. Ó ní kí n má ka yàrá ẹ̀yìn mọ́ iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn àbúrò òun ló dá owó jọ, pé wọ́n rí bí ojú ìyá àwọn ṣe pọ́n nígbà tí ìyàwó kékeré wọlé, wọn kò sì ní gbà kí owó wọn dé ẹ̀yìn yẹn. Èèyàn búburú kọ́ o. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé òrùlé kan náà ló sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí a bá pa iwájú dà tí a sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ibi tí tuntun àti àtijọ́ bá ti pàdé máa da omi sí yàrá Ìyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní máa kọ ìyẹn náà, máa sì kà á. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí Ìyá wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń kà á? Mo ní tí wọn kò bá sí níbẹ̀, kó wá akọ̀wé mìíràn. Ó mí kanlẹ̀, ó sì gbà.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni mo kà á, nínú pálọ̀ iwájú. Alhaji àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó yí ká. Ìyá Rísìkátù jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn funfun, wọ́n sì ń mi orí sí ohun tí mo ń kà bíi pé gbogbo rẹ̀ ló kàn wọ́n: igi àfàrà, oògùn ikán, gọ́tà, pàǹtí. Mo ti kọ abala tó kẹ́yìn bí Alhaji ṣe fẹ́, nítorí onílé ló ń sọ ohun tó fẹ́, iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ọ́ kó yé gbogbo ènìyàn.

"Ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí," mo kà á, "fẹ́ǹsì, ọ̀dà ara ògiri, àti Ìyá Rísìkátù nínú yàrá méjì ẹ̀yìn. Ibi tí páànù tuntun bá ti pàdé ti àtijọ́ yóò jò sí yàrá wọn, iṣẹ́ yìí kò ní dí i."

Ìyá ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un kà. Mo tún un kà, ohùn mi sì ti ń lọ sísàlẹ̀.

"Èmi wà," ni Ìyá wí. Wọn kò gbé ohùn sókè. "Bàbá yín ni kò sí. Ìyá yín ni kò sí. Èmi wà o."

Wọ́n tún ìborùn wọn fà dáadáa, wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní tí wọ́n bá ká páànù àtijọ́ iwájú, ṣé a lè bá àwọn to èyí tó bá ṣì dára nínú rẹ̀ sórí tàwọn, dípò kí a dà á nù. Wọ́n ní kí n kọ ìyẹn sí i, tí kò bá ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Omi dé ojú mi, mo sì tẹjú mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n mi ò rí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Alhaji Mùkáílà gbé ojú sókè wo àjà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n yọ ìlà yẹn. Mo ní ìlà wo, nítorí mi ò gbọ́dọ̀ méfò.

"Èyí tó ní Ìyá kò sí," ló dáhùn.

Àbúrò rẹ̀ kan la ẹnu. Alhaji gbé ọwọ́ dá a dúró. Àbúrò obìnrin tó tẹ̀ lé Alhaji ti ń fi gèlè nu ojú ní tirẹ̀. Alhaji ní kí n kọ ọ́ pé gbogbo ilé ni a máa ṣe. Mo ní Ọ̀gá mi kò gbà kí a máa kọ "gbogbo ilé," pé yàrá kọ̀ọ̀kan ni a ń dárúkọ, pẹ̀lú ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, mo ń kọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é fún mi, títí mo fi dé ẹ̀yìn. Mo ti fẹ́ kọ Ìyá Rísìkátù bí gbogbo ilé ṣe ń pè wọ́n. Nǹkan kan ní kí n kọ́kọ́ béèrè.

"Alhaji, yàrá ta ni kí n pè é?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kọ yàrá Ìyá wa."

Mo kọ ọ́. Ìyá ní àwọn kò mọ̀wé, pé ṣé mo lè ka èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sókè. Mo nu ojú mi, mo sì kà á sí etí gbogbo wọn: yàrá méjì ẹ̀yìn, ti Ìyá wa, igi tuntun, páànù tuntun.